Kí Ló Dé Tí Fíìmù Sámúráì Yìí Fi Dúró Láàárín Ìjà? Àlàyé Lórí The Sword of Doom

Ẹni tó bá ti wo The Sword of Doom dé òpin á mọ ohun tí à ń sọ. Ọkùnrin kan wà nínú yàrá, ẹ̀jẹ̀ bò ó, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, àwọn ọ̀tá yí i ká. Ó ju idà láti tún ṣá ẹlòmíràn, àwòrán bá dúró gbagidi. Ó tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa bóyá ó kú tàbí ó yè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ń wá a kiri láti gbẹ̀san ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí i bá jà.

Àwọn kan máa ń rò pé fáìlì tí wọ́n rí wò ló já. Àwọn mìíràn ń wá apá kejì kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì kò já, apá kejì kò sì sí. Bí ó ṣe wà gan-an nìyẹn láti ọdún 1966 tí ilé iṣẹ́ Toho ti gbé e jáde. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìtàn náà ti wá ni òpin yẹn máa ń yé, àlàyé rẹ̀ sì rọrùn ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀?

Sámúráì ni ìran jagunjagun Jàpáànì tó ń sin ìjòyè kan. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣírò owó iṣẹ́ wọn. Idà méjì tó wà níbàdí wọn, ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkúrú, ni àmì ipò wọn. Sámúráì tí kò ní ọ̀gá mọ́ ni wọ́n ń pè ní rónín: idà ṣì wà níbàdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bọ́ ọ.

Ṣógùn ni olórí ogun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà ní orúkọ ọba. Ìdílé Tokugawa ti di ipò yìí mú láti 1603, ìlú Edo ni wọ́n sì ń gbé, ìyẹn Tokyo òde òní. Ọba fúnra rẹ̀ wà ní Kyoto. Adé wà lórí rẹ̀, àṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú méjèèjì yìí ni ìtàn náà ń lọ tó ń bọ̀, nítorí náà ẹ fi sọ́kàn: Edo ni ti ṣógùn, Kyoto ni ti ọba.

Ohun kan tún wà lórí orúkọ. Àwọn ará Jàpáànì máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú. Àkọlé ìtumọ̀ tó wà nísàlẹ̀ fíìmù lè pe ọkùnrin tí a rí nínú yàrá yẹn ní Tsukue Ryunosuke tàbí Ryunosuke Tsukue. Ọkùnrin yìí kan náà ló tún ń jẹ́ Yoshida Ryutaro nígbà tó bá dé Edo, torí ó ń sá fún ohun tó ṣe. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ti kọ́kọ́ máa ń sọ okùn ìtàn nù.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ọdún 1860 ni. Bàbá arúgbó kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Omatsu, ń rìnrìnàjò ìjọsìn. Wọ́n gun òkè dé ibi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè kọjá, ọmọ sì lọ wá omi. Bàbá kúnlẹ̀ níwájú ojúbọ kékeré kan, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ikú tètè mú òun, kí òun má baà di ẹrù sí ọmọ náà lọ́rùn. Ọkùnrin kan tó dé fìlà koríko ńlá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbọ́ àdúrà yẹn. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pa á, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò bínú, kò jalè, kò mọ bàbá náà rí.

Ọkùnrin yẹn ni Ryunosuke, tí òṣèré Tatsuya Nakadai ṣe. Bàbá tó bí i ń ṣàìsàn nílé, ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ sì ń bà á. Ryunosuke fẹ́ bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Utsuki Bunnojo figagbága idà ní ojúbọ Mitake. Iyì ìdílé Bunnojo àti iṣẹ́ tó ń retí dúró lé ìdíje yìí, ìyàwó rẹ̀, Ohama, bá lọ bẹ Ryunosuke pé kó jẹ́ kí ọkọ òun borí. Ryunosuke ní ohun tó ń tọrọ yìí dà bí ìgbà téèyàn bá ní kí obìnrin ta ara rẹ̀. Ó wá ní kó wá bá òun níbi ọlọ tí omi ń yí. Níbẹ̀ ló ti bá a lò. Bunnojo gbọ́, ó sì kọ̀wé ìkọ̀sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ìlà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ìgbéyàwó tú ká pẹ̀lú ìwé tí kò tó ojú ewé kan.

Ẹ fara balẹ̀ wo ìran ìdíje náà. Idà onígi ni wọ́n lò, kì í ṣe irin. Àwọn méjèèjì dúró, wọn ò mira. Àkókò ń lọ, kò sẹ́ni tó ju ọwọ́, adájọ́ bá kéde pé ọ̀mì ni. Bunnojo ni kò gbà. Lẹ́yìn tí adájọ́ ti sọ̀rọ̀ tán ló gún idà síwájú, ní ọ̀nà tí òfin kò fàyè gbà. Ryunosuke yẹ̀ ẹ́, ó sì fi igi náà lù ú lẹ́ẹ̀kan. Bunnojo kú. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló rúfin lọ́jọ́ náà, Bunnojo ni. Tí wọ́n bá bi yín pé ta ló fà á, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo fíìmù yìí wà nínú àlàfo tó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì yẹn.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ohama bá Ryunosuke sá lọ sí Edo, ó bímọ fún un, ayé wọn ò dùn. Hyoma, àbúrò Bunnojo, lọ kọ́ idà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Shimada Toranosuke kó lè gbẹ̀san. Olè kan tó ń jẹ́ Shichibei rí Omatsu he, ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Ní òru kan tí yìnyín ń bọ́, Ryunosuke bá àwọn apànìyàn kan lọ, wọ́n ṣi èèyàn mú, Shimada ni wọ́n lọ kọ lù. Shimada nìkan pa wọ́n nípakúpa, Ryunosuke sì dúró síbẹ̀, kò lè gbápá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rí idà tó ju tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, Ohama gbìyànjú láti pa á, òun ló pa Ohama. Ó sá lọ sí Kyoto.

Kí ló dé tí idà rẹ̀ kì í dún?

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù idà Jàpáànì, irin máa ń lu irin. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú fíìmù bẹ́ẹ̀, *chanbara*, ti inú ìró yẹn wá. Ryunosuke yàtọ̀. Ìdúró rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní *otonashi no kamae*, ìdúró aláìlóhùn. Ẹni tó kọ ìtàn náà ló dá a sílẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ idà tó ń kọ́ni lọ́nà náà bí ìwé ṣe sọ ọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹni tó di idà mú sábà máa ń na ṣóńṣó rẹ̀ sí ọ̀fun tàbí ojú ọ̀tá, kí ọ̀tá má lè wọlé. Ryunosuke máa ń jẹ́ kí ṣóńṣó tirẹ̀ rẹlẹ̀. Ó dà bí ẹni ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ọ̀tá á rò pé àyè ti là, á wọlé. Ẹni tó ti gbé ẹsẹ̀ síwájú tó sì ti ju ọwọ́ kò lè fa ara rẹ̀ padà mọ́, gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ti wà nínú ìgbésẹ̀ yẹn. Ìṣẹ́jú àáyá kékeré yẹn ni Ryunosuke ń dúró dè. Kò gba idà ọ̀tá dúró, kò lù ú, nítorí náà kò sí ìró. Ara nìkan ni idà rẹ̀ máa ń kàn.

Ẹ wá ronú sí ohun tí èyí ń sọ nípa rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í kọ́kọ́ kọ lu ẹni. Ó máa ń dúró kí ẹlòmíràn ṣe àṣìṣe tó máa pa á. Ohun kan náà ló ṣe fún Bunnojo, ohun kan náà ló sì ṣe fún Ohama. Bàbá arúgbó orí òkè nìkan ni kò kọ lù ú. Àdúrà ló fi ṣílẹ̀kùn. Nakadai fi ojú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá níbí: ẹ wò ó, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wo ẹni tó ń bá jà. Ó ń wo ibi kan tó jìnnà.

Àwọn wo ni àwọn ọkùnrin Kyoto, kí ni wọ́n ń jà sí?

Ibí yìí ló ṣòro jù fún ẹni tí kò mọ ìtàn Jàpáànì, torí àwọn tó ṣe fíìmù náà gbà pé òǹwòran ti mọ̀ ọ́n láti ilé ẹ̀kọ́.

Ní 1853 ni ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dé, wọ́n ní kí Jàpáànì ṣí ẹnubodè. Agbára ṣógùn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ní 1860, ọdún tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, wọ́n pa Ii Naosuke, àgbà òṣìṣẹ́ ṣógùn, lẹ́nu ọ̀nà ààfin ní Edo. Ní 1863, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kiyokawa Hachiro rọ ìjọba ṣógùn pé kí wọ́n kó àwọn rónín jọ láti ṣọ́ ṣógùn nígbà tó bá ń lọ Kyoto. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó yí ohùn padà: ọba ni ká máa sìn. Ẹgbẹ́ bá pín. Àwọn tó pọ̀ jù padà sí Edo, wọ́n di Shinchogumi. Ìwọ̀nba díẹ̀ dúró sí Kyoto lẹ́yìn ṣógùn, àwọn ló di Shinsengumi. Wọ́n pa Kiyokawa lọ́dún yẹn kan náà.

Àwọn Shinsengumi wọ̀nyí ní olórí tí ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀: Serizawa Kamo, ọ̀mùtí oníjàgídíjàgan, àti Kondo Isami, ẹni tó ní sùúrù àti ètò. Nínú ìtàn gidi, àwọn ẹ̀yìn Kondo ló pa Serizawa ní 1863. Nínú fíìmù, ọ̀dọ̀ Serizawa ni Ryunosuke wà, Serizawa sì fẹ́ lò ó láti fi pa Kondo. Nítorí náà, àwọn tó ń ya wọ inú yàrá níparí kì í ṣe ọ̀tá tó ti ibòmíràn wá. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an ni.

Ẹ má fi fíìmù yìí kọ́ ìtàn o. Shimada Toranosuke gbé láyé lóòótọ́, ó sì mọ idà lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n 1852 ló kú, ọdún 8 ṣáájú ìgbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé nílò ọkùnrin rere kan tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, ó bá mú un jí.

Ìwé wo ni wọ́n ti mú un, kí ni ìwé náà ní í ṣe pẹ̀lú òpin yìí?

*Dai-bosatsu Tōge* ni orúkọ fíìmù náà lédè Jàpáànì, orúkọ ìwé náà sì nìyẹn. Nakazato Kaizan ló kọ ọ́. Wọ́n bí i ní 1885 ní Hamura, létí odò Tama, odò kan náà tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé Ryunosuke kọjá. Ilẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ nípa rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1913 ni ìwé ìròyìn Miyako Shimbun bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn náà jáde ní ìpín-ìpín. Nígbà tó yá, ó kúrò níbẹ̀ bọ́ sí àwọn ìwé ìròyìn mìíràn. Kaizan ń kọ ọ́ títí di 1941. Ó di ìdìpọ̀ 41. Ó kú ní 1944, ìtàn náà kò sì tíì parí. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa: ìwé náà fúnra rẹ̀ kò ní òpin.

Báwo ni ìtàn ẹ̀san kan ṣe ń gùn tó bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí eré orí rédíò tó máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ọ̀daràn inú rẹ̀ bá kú lónìí, kí ni a ó gbọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ìtàn inú ìwé ìròyìn kì í fẹ́ kí ọ̀tá rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ti Kaizan ju ọgbọ́n ọjà lọ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, kò bìkítà fún ẹ̀san mọ́. Ẹ̀tù bú, ojú Ryunosuke fọ́, ó sì ń rìn káàkiri ní afọ́jú, ó ń pa èèyàn síbẹ̀. Òǹkọ̀wé ń fi í sílẹ̀ lọ tẹ̀ lé àwọn mìíràn: oníṣègùn, olè, àlùfáà, ọmọ ọlọ́lá, ọkùnrin tó fẹ́ kan ọkọ̀ ojú omi. Hyoma kò gbẹ̀san.

Shinobu Hashimoto ló kọ eré fíìmù 1966 náà, Kihachi Okamoto ló darí rẹ̀. Nǹkan bí wákàtí méjì ni wọ́n ní láti fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó lè rọ odò Ọ̀ṣun sínú kèrègbè kan. Ìpín ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni wọ́n mú, èrò sì wà pé apá mìíràn á tẹ̀ lé e. Kò tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí àwọn okùn tí kò ní ìdí: Hyoma, Omatsu, Shichibei, gbogbo wọn ni wọ́n ti tò sílẹ̀ de ọjọ́ tí kò dé.

Kí ni bosatsu, kí ló kàn án níbí?

Ọ̀nà orí òkè náà wà lóòótọ́, ní Yamanashi, ní ìwọ̀ oòrùn Tokyo. Mítà 1,897 ló fi ga ju òkun lọ, àwọn èèyàn ṣì ń gùn ún dòní. *Tōge* ni ibi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè kọjá. *Dai* ni ńlá. *Bosatsu* ni ẹni tó ti sún mọ́ ìgbàlà nínú ẹ̀sìn Búdà, àmọ́ tó kọ̀ láti dá wọlé, tó yí padà kó lè gba àwọn yòókù là. Lójúbọ ẹni aláàánú ni Ryunosuke ti pa arúgbó tó ń tọrọ àánú.

Kaizan kò gbà kí wọ́n pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé ìgbafẹ́. Ìwé ìtàn *daijō* ló pè é, ìyẹn “ọkọ̀ ńlá”, orúkọ ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà tó gbà pé ọkọ̀ ìgbàlà gba gbogbo ẹ̀dá, kì í ṣe àwọn ẹni mímọ́ nìkan. Tí ọkọ̀ bá gba gbogbo ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ gba apànìyàn pẹ̀lú. Ìbéèrè tó fi nǹkan bí ọdún 28 bi ara rẹ̀ nìyẹn, kò sì rọrùn dáhùn: kí la máa ṣe fún ẹni bíi Ryunosuke? Ẹni tó bá rò pé ìjà ìkẹyìn láàárín òun àti Hyoma ló máa dáhùn rẹ̀ kò tíì mọ ohun tí ìwé náà ń bi í.

Nígbà náà, ṣé wọ́n gé òpin náà ni?

Ètò apá kejì ló já, òpin fíìmù kò já. Ohun méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ padà lọ wo ìran ìkẹyìn. Inú ilé fàájì kan ní Shimabara, ní Kyoto, ni Ryunosuke jókòó sí. Ọmọbìnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni Omatsu, kò sì mọ ẹni tó jẹ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe pa bàbá àgbà rẹ̀ lórí òkè. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ Ryunosuke létí, òjìji bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára àwọn mátìí ọparun tí wọ́n so rọ̀: àwọn tó ti pa. Ó dìde, ó ń ṣá òjìji. Mátìí ń já, òjìji kò kú. Ìdúró aláìlóhùn tán lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, torí òjìji kì í gbé ẹsẹ̀ síwájú, kì í ṣe àṣìṣe. Ọkùnrin tó máa ń dúró de ọ̀tá ti wá di ẹni tó ń ju idà kiri láìsí ọ̀tá. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ya wọlé, ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú tipẹ́.

Ohun tí fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ lórí òkè parí sínú yàrá yẹn. Arúgbó náà ti padà wá bá a láti ẹnu ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìjà tó tẹ̀ lé e lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí ọjọ́ márùn-ún, kò yí nǹkan kan padà mọ́. Okamoto sì dá àwòrán dúró níbi tí ìjà ti le jù, ó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Toshiro Mifune ló ṣe Shimada. Nínú fíìmù Akira Kurosawa méjì, ti 1961 àti ti 1962, Mifune ló pa Nakadai níparí. Ẹni tó bá rí àwọn méjèèjì pa pọ̀ ní 1966 á ti múra sílẹ̀ de ìjà wọn. Fíìmù náà mọ̀ pé òǹwòran ń retí rẹ̀, kò sì fún wọn. Ní òru yìnyín yẹn, Shimada kàn sọ fún un pé ọkàn ni idà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá burú, idà rẹ̀ á burú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìjà wọn.

Níbo la ti lè rí ìyókù ìtàn náà?

Ìwé náà ti di fíìmù ṣáájú 1966, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà tí ẹ bá ń wá Dai-bosatsu Toge, ẹ wo ọdún rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti funfun tí Nakadai wà nínú rẹ̀ ni ti 1966. Hiroshi Inagaki ti ṣe é láàárín 1935 sí 1936. Ilé iṣẹ́ Toei ṣe é ní 1953, wọ́n sì tún un ṣe ní apá mẹ́ta láti 1957 sí 1959, Tomu Uchida ló darí èyí. Chiezo Kataoka ló ṣe Ryunosuke nígbà méjèèjì.

Èyí tí a máa kọ́kọ́ yàn fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tó tẹ̀ lé e ni apá mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ Daiei ṣe ní 1960 àti 1961, tí Raizo Ichikawa jẹ́ Ryunosuke. Satan's Sword ni wọ́n sábà máa ń pè é lókè òkun. Kenji Misumi ló darí apá kìíní àti ìkejì, Kazuo Mori ló darí ìkẹta. Apá kìíní máa jọ ohun tí ẹ ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ má fò ó, torí àwọn èèyàn tó ní iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀la ni wọ́n ń tò síbẹ̀. Nínú àwọn apá tó tẹ̀ lé e lẹ ó ti rí Ryunosuke tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí idà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.